Ọmọ Ìpadò Kì í Jẹ Àrọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá dé Abidjan tó ní ọmọ Ìpadò lòun, ọ̀dọ̀ Mùkàrámà ní Williamsville ni wọ́n ń mú un lọ kí obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò. Mùkàrámà kì í ṣe olóyè, kò sì kàwé púpọ̀. Abọ́ àti ìkòkò ló ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí títì. Ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀, kó ní òun mọ ìtàn Ìpadò jù ú lọ? Lóòótọ́, Abidjan ni wọ́n bí i sí. Lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìpadò láti ọjọ́ tó ti dáyé, ìsìnkú ló sì gbé e lọ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ ẹ má wulẹ̀ sọ ìyẹn létí rẹ̀ o. Ẹni tó bá sọ ọ́ yóò gbọ́ èyí tí kò gbọ́ rí.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀, ọkùnrin tó wà lára àwọn ará Ìpadò tó kọ́kọ́ wá ṣòwò ní Abidjan, tó sì jẹ́ olórí wọn títí ó fi kú. Ìtàn náà kò gùn. Nígbà ogun, àwọn baba ńlá wọn sá dé etí odò kan lápá Ọ̀ṣun, ọ̀tá ń bọ̀ lẹ́yìn, wọn kò sì mọ ibi tí omi kò ti jìn. Ni ẹja àrọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́ún pọ́ún níbì kan tí omi ò mù ju orúnkún lọ, wọ́n gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n tẹ ìlú dó sí òdìkejì, wọ́n sì búra pé ọmọ àwọn kò ní fi eyín kan àrọ̀ láéláé. Bí Mùkàrámà bá ń sọ ìtàn yìí, ojú rẹ̀ á máa dán, á sì máa wo ẹni tó ń gbọ́ ọ bóyá onítọ̀hún fẹ́ jiyàn.

Kò mọ sórí ìtàn nìkan. Lójú tirẹ̀, foutou tí àwọn ará ibí ń gún kàn ń fara wé iyán ni, iyán gan-an ń bẹ ní Ìpadò. Ìrù tó fi ń sebẹ̀, ilé ló ti ń wá, nínú ọkọ̀ tó gba Cotonou àti Lomé àti Accra kọjá. Bí ìrù bá tán, á fara da ọbẹ̀ tí kò ládùn dípò kó ra soumbara lọ́wọ́ àwọn Dioula ọjà Adjamé. Ó ní oorun soumbara kò mọ ìlú tó ti wá. Àwọn Dioula fúnra wọn máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní Mùkàrámà Ìpadò ń bọ̀, ẹ bo ọjà yín.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ọ̀rọ̀ ìdánwò ṣe bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ má báa rò pé ìkà obìnrin ni. Ẹgbẹ́ ọmọ Ìpadò ló máa ń kọ lẹ́tà fún ọmọ ìlú tó bá fẹ́ gba carte consulaire, káàdì tí ilé aṣojú Nàìjíríà ń fún ọmọ rẹ̀, lẹ́tà tó ń jẹ́rìí pé a mọ̀ ọ́n, a mọ baba rẹ̀. Ní ọdún 2001, ọkùnrin kan wá, ó ń ké Ìpadò kiri bí ẹni pé òun ló tẹ̀ ẹ́ dó. Wọ́n fún un ní lẹ́tà. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí ọlọ́pàá fi gbé lẹ́tà yẹn kan náà wá sílé Bàbá Àrìmíyàù tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́. Ọkùnrin náà ti lu oníṣòwò bí i mélòó kan ní jìbìtì, ó sì ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bàbá Àrìmíyàù, ẹni àádọ́rin ọdún, sun ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àgọ́ ọlọ́pàá lóru mẹ́ta. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti sọ pé wọn kò ní kọ lẹ́tà fún àlejò kankan mọ́ àfi tí Mùkàrámà bá ní kí wọ́n kọ ọ́. Ìfura loògùn àgbà, Mùkàrámà sì lo oògùn náà kọjá ìwọ̀n.

Ìdánwò rẹ̀ rèé. Á pe onítọ̀hún wá jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday. Òun fúnra rẹ̀ á gún iyán, ṣùgbọ́n ilé Solange, aládùúgbò rẹ̀, ni wọ́n ti ń se ọbẹ̀. Solange jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Kristẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ wá láti Porto-Novo ṣe akọ̀wé fún àwọn òyìnbó. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì ń fi Faransé kún un bó bá ń sọ ọ́. Inú ọbẹ̀ yẹn ni Solange á fi àrọ̀ gbígbẹ sí, èyí tí àwọn ará Abidjan ń pè ní silure, ilé tirẹ̀ ló sì ti ń sè é nítorí Mùkàrámà kò ní gbà kí èéfín rẹ̀ pàápàá wọ yàrá òun. Ẹni tó bá ti àwo sẹ́yìn, ọmọ Ìpadò ni. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, kó máa lọ. Èèyàn mẹ́rin ló ti jókòó sídìí àwo náà. Méjì tì í sẹ́yìn, méjì jẹ ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ ẹ́ ni Ẹ̀rínọlá, obìnrin kan tó pọn ọmọ wá. Ó sunkún títí lẹ́nu ọ̀nà. Mùkàrámà ní ẹkún kò wọ́n lọ́jà, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìyẹn gan-an kò tíì tó nǹkan, torí ogun kò tíì dé nígbà náà. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 tí ìbọn ti dún, gbogbo Abidjan kún fún ìfura. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń kí ara yín ní àná lè máa wò yín láìdáhùn lónìí. Kò sí ìkóríta tí wọn kì í ti í béèrè ìwé lọ́wọ́ àjèjì, ẹni tí kò bá sì ní in, wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀. Lẹ́tà ẹgbẹ́ wá di ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó lè fọkàn balẹ̀ sùn.

Oṣù kẹta ọdún 2003 ni Akíntáyọ̀ dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, iṣẹ́ táìlì ló ń ṣe, ó ń gbé Anoumabo, ilé ńlá kan tí wọ́n ń kọ́ ní Biétry ló sì ti ríṣẹ́. Wọ́n jí báàgì rẹ̀ gbé ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tó wọ̀lú, gbogbo ìwé rẹ̀ bá a lọ. Mùkàrámà gbọ́ èyí, ó ní nínú ara rẹ̀ pé ìtàn báàgì náà tún dé. Kí ló dé tó jẹ́ báàgì àwọn tí kò ní baba ni wọ́n máa ń jí?

Ọmọ náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mùkàrámà ní nínú ara rẹ̀ pé àṣejù ti wọ èyí. Ó bi í ní orúkọ ọba tó wà lórí oyè, ó dáhùn kíá. Mùkàrámà ní ó yá jù, ó ti há a sórí ni. Ó ní kó ki Ìpadò, ọmọ náà sì kì í:

“Ìpadò ọmọ a-rógun-rodò, ọmọ omi gbè wá, omi ò gbé wa lọ.”

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ níbi tó ti sọ ìyẹn, bí ìgbà tí àárò ilé ń sọ èèyàn. Inú Mùkàrámà fẹ́ rọ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí pé kásẹ́ẹ̀tì wà, pé ayé ti bàjẹ́, pé kò sí ohun tí ènìyàn kò lè kọ́ bí ebi ìwé bá ń pa á. Kò bi í léèrè ìyá rẹ̀, kò bi í léèrè agbo ilé tó ti wá. Ó ní kó jókòó, kó jẹun.

Solange gbé ọbẹ̀ dé. Akíntáyọ̀ fọwọ́, ó bu iyán, ó rí ẹja náà, ojú rẹ̀ sì là. Ó jẹ ẹ́, ó jẹ orí rẹ̀, ó fa egungun rẹ̀ mu. Ó wá gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní:

“Màmá, ẹ ṣeun gan-an ni. Ilé ni mo rò pé mo wà.”

Mùkàrámà fà á lọ́wọ́ kúrò nídìí àwo. Ẹ ò rí i bí, kó jẹ àrọ̀ tán, kó tún fi orúkọ ilé nu ẹnu! Ó sọ fún un pé kó padà síbi tó ti wá, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí ìdánwò kò sí ìdánwò fún un mọ́. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ ọlọ́bẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, kò sì mọ ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Mùkàrámà kọjá sọ́dọ̀ Mouritala, akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹni tí wọ́n bí sí Adjamé bíi tirẹ̀, tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ àwọn lẹ́tà náà. Mouritala rò pé ó kù díẹ̀ káàtó. Ó ní òun ti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àti pé ọlọ́pàá ti kó méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Biétry. Mùkàrámà bi í bóyá òun náà fẹ́ lọ sun ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Akíntáyọ̀ ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò rí èsì. Wọ́n ní kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́, inú yàrá ló ń jókòó sí ní Anoumabo látàárọ̀ ṣúlẹ̀, torí ó ń bẹ̀rù ojú títì.

Solange ló da ọ̀rọ̀ náà rú mọ́ Mùkàrámà lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń yí abọ́ kan po lọ́wọ́. Ó ní:

“Mùkà, ẹni tó bá fẹ́ parọ́, ṣé kò ní kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ọmọ Ìpadò kì í jẹ ni? Gbogbo Adjamé ló mọ̀ ọ́n. Même moi, èmi pàápàá mọ̀ ọ́n. Ọmọ yẹn nìkan ni kò mọ̀.”

Mùkàrámà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé ọmọ náà ti fún Solange ní nǹkan? Àbí kí ló kàn án? Ó tiẹ̀ sọ ọ́ jáde, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin gbáà! Solange gbé abọ́ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó lọ sílé, kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń bu iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọlé, kò sì jáde. Àwọn méjì tó ti àwo sẹ́yìn, tí òun fún ní lẹ́tà tayọ̀tayọ̀, ọdún mélòó ni wọ́n ti lò ní Abidjan kí wọ́n tó wá? Ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́jọ. Mùkàrámà bínú sí ara rẹ̀ pé òun ń rò ó. Ó ní òun á pe ilé, òun á gbọ́ ọ lẹ́nu onílé pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ Akíntáyọ̀ ní Ìpadò, òun á sì gbé ìdáhùn náà lé Solange lọ́wọ́.

Ó lọ sí cabine tí wọ́n ti ń pe tẹlifóònù, ó pe Bọ́láṣadé, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ra fóònù fún ní ọdún tó kọjá. Wọ́n kí ara wọn títí. Ó bèèrè Akíntáyọ̀ tó ń lẹ táìlì. Bọ́láṣadé ní ta ni kò mọ̀ ọ́n, ọmọ agbo ilé tó kọjú sí tiwọn ni, ìyá rẹ̀ ló wá bá wọn pọnmi nígbà ìsìnkú bàbá Mùkàrámà. Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ náà o?

Mùkàrámà ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun fi ojú òun rí i tó jẹ àrọ̀.

Ohùn Bọ́láṣadé wá rọlẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ohùn ẹni tó fẹ́ túfọ̀:

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. A ti ń jẹ àrọ̀ ní Ìpadò láti ọdún tí odò gbẹ.”

Ó wá sọ ọ́. Ọ̀dá dá, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, èso ò sí, ẹran ò sí, ìsàlẹ̀ odò di ẹrọ̀fọ̀, àrọ̀ nìkan ló kù láàyè nínú rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń kú. Ọba àti àwọn àgbà ṣe ètùtù, wọ́n ní ẹja tó gba àwọn baba wa là lójú ogun tún fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láti gba àwa náà là, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ló hùwà àìmoore. Láti ìgbà náà, kò sí àlejò pàtàkì tó wọ Ìpadò tí wọn kì í fi àrọ̀ ṣe lálejò. Wọ́n ń yan án, wọ́n ń kó o lọ tà ní Òṣogbo, orúkọ Ìpadò ló sì ń jẹ́ lọ́jà ọ̀hún.

Mùkàrámà bi í pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn. Bọ́láṣadé ní wọ́n sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá náà fi ìbínú ránṣẹ́ padà láti Abidjan pé ẹni tó bá jẹ àrọ̀ kì í ṣe ọmọ Ìpadò mọ́. Òun ló sì ń fi owó ránṣẹ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìlú nígbà náà, ta ló máa bá a jà? Wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

“Bí ẹ bá ti ń bọ̀,” Bọ́láṣadé ní, “a máa ń gbé ìkòkò àrọ̀ sẹ́yìn ilé. A ò fẹ́ kí ojú tì yín.”

Mùkàrámà kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé bóyá wọ́n ti ra Bọ́láṣadé náà. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti ń gbé ìsìnkú bàbá rẹ̀ wá fún un: oorun ẹja yíyan tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, àwọn obìnrin tó dákẹ́ bó ṣe yọ sí wọn, ẹnìkan tó sáré fi ọmọrí bo nǹkan. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún òun lọ́jọ́ yẹn. Ó san owó ìpè, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì cabine náà. Ojú tì í dé egungun. Ẹ̀rínọlá àti ọmọ tó pọ̀n wá, níbo ni wọ́n wà nísinsìnyí? Kò sí ẹni tó mọ̀.

Èmi ò ní parọ́ fún yín, ó fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ó gbé e sínú fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ló lọ bẹ Solange, ó tibẹ̀ lọ bá Mouritala, ó ní kó kọ lẹ́tà fún Akíntáyọ̀. Mouritala bi í pé kí ló yí padà. Ó ní òun ló ṣe àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún un láti sọ ju bó ṣe ṣòro fún Mouritala láti gbà gbọ́. Bàbá Àrìmíyàù fọwọ́ sí lẹ́tà, Mùkàrámà sì wọ woro-woro, takisí akérò, lọ sí Anoumabo lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́tà nínú báàgì, ọwọ́ rẹ̀ lórí báàgì ní gbogbo ọ̀nà. Ó ti ń to bí òun ṣe máa bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu.

Akíntáyọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó gbé àga fún un. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló dun Mùkàrámà. Ó sọ ohun tó ṣe fún un, láti orí àrọ̀ dé orí tẹlifóònù. Ó ní, “Ọmọ mi, èmi ni mo jẹ̀bi. Gba ìwé rẹ.”

Ọmọ náà ka lẹ́tà náà tán, ó tún un ká dáadáa, ó dá a padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní kí wọ́n má bínú. Ọ̀gá tí àwọn jọ ń lẹ táìlì ló mú òun lọ sí ẹgbẹ́ ọmọ Òkè-Àgbẹ̀dẹ, wọ́n sì kọ lẹ́tà fún òun lọ́jọ́ kan náà. Ó fa carte consulaire rẹ̀ tuntun yọ. Òkè-Àgbẹ̀dẹ ni wọ́n kọ síbi orúkọ ìlú rẹ̀, gàdàgbà.

Mùkàrámà ní èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ọmọ Ìpadò máa jẹ́ orúkọ ìlú ẹlòmíràn. Ó ní kó jẹ́ kí wọ́n lọ tún un ṣe. Bí ohun búburú bá ṣẹlẹ̀, ta ló máa gbé e relé?

“Àwọn ni, Màmá. Wọ́n ti sọ fún mi.” Akíntáyọ̀ wo ilẹ̀. “Wọn ò bi mí léèrè ohun tí mò ń jẹ. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun.”

Mùkàrámà fi lẹ́tà náà sínú báàgì rẹ̀ padà. Ó dìde. Ọmọ náà sìn ín dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá, ó bá a gbé báàgì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Brigitte tó ni ilé náà ń sá aṣọ níbẹ̀. Ó wo aṣọ Mùkàrámà àti gèlè rẹ̀, ó sì bi Akíntáyọ̀ ní Faransé bóyá ìyá rẹ̀ tó ti ìlú wọn wá nìyẹn.

Akíntáyọ̀ wá ọ̀rọ̀ díẹ̀, torí Faransé kò tíì dán lẹ́nu rẹ̀.

“Rárá, Màdáámù,” ó ní. “Ará Abidjan ni wọ́n.”

Láti kékeré Mùkàrámà ni àwọn tó ni ìlú yìí ti ń sọ fún un pé kì í ṣe ará ibí, kò sì dùn ún rí, torí ó mọ ibòmíràn tí òun ti wá. Lónìí, ọmọ Ìpadò kan ló ní ará ibí ni. Ó gba báàgì rẹ̀. Ó kí Brigitte pé ó dàbọ̀, ní Faransé tó já gaara, ó sì bá ọ̀nà títì lọ.